Orúkọ Mi Lórí Ọjà Tí Kò Sí

Ọjọ́ Ajé, 5 Jánúárì 2026

Ọyẹ́ mú lónìí débi pé n kò rí ilé tó kọjú sí tiwa nígbà tí mo ń ti géètì ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ètè mi ti là. Ìmísí ọmọ mi ń wúkọ́. Mo fi òróró pa á láyà, mo gbé e fún ìyá ọkọ mi, mo sáré jáde sí 23 Road lọ wọ kẹ̀kẹ́. Ibi tí à ń san igba náírà lọ kí Kérésì tó dé ti di irinwó.

A kò tíì jókòó dáadáa lọ́fíìsì tí Ọ̀gá Akíntáyọ̀ fi pe gbogbo àwa ará ẹ̀ka ìṣirò owó jọ. Òun ni olórí owó ní Àkàsọ̀ Foods, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ọdún yìí kò rí bí àwọn tó ti kọjá. Òun àti ọ̀gá àgbà pátápátá yóò fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ọ̀nà tí à ń gbà ṣọ́ ìṣirò wa ló ń ṣiṣẹ́, àwọn ọ́dítọ̀ láti ìta yóò sì wá dán an wò fúnra wọn. Ilé-iṣẹ́ tí ará ìlú ní ìpín nínú rẹ̀ ni wá, kò sí àyè àwàdà. Ó wá yíjú sí mi.

“Tẹjúmádé, ìwọ lo dán an wò lọ́dún tó kọjá. Bó o ṣe ṣe é nígbà yẹn ni kó o tún ṣe é.”

Bí mo ṣe ṣe é nígbà yẹn. Ìdánwò mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo fọwọ́ sí pé mo ṣe. Mọ́kàndínlógún péré ni mo ṣe. Ìyókù, mo kàn fa ìlà sí wọn ni, nítorí ọjọ́ ti lọ, wọ́n sì ní kí n ṣe kíá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà Débọ́lá ọkọ mi.

Ọjọ́bọ̀, 8 Jánúárì

Mo ti pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí n óò ṣe gbogbo rẹ̀ bó ti yẹ. Mo ní kí Kazeem tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wa tẹ àkọsílẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jáde fún mi, lára àwọn tí wọ́n fi yí iye ọjà padà nínú ìwé lọ́dún tó kọjá, kí n lè rí ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Mo ń fi rúlà kà á bọ̀ wálẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ìkejìlá, mo dúró.

Ẹni tó fọwọ́ sí i: T. Ọlákìtán. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ọkutóbà, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni T. Ọlákìtán. Ní aago márùn-ún ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ọkutóbà, orí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù ni mo wà, tí omi ń kán sí Ìmísí lára, tí mo ń ka bó ṣe ń mí.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Jesse tó ń fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ sí Kánádà, wọn kò gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Wọ́n ní kí n bá wọn máa fọwọ́ sí i fúngbà díẹ̀, èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ mi ni láti yẹ àwọn tó ń fọwọ́ sí i wò. Ìgbà díẹ̀ yẹn ti di oṣù mọ́kànlá. Lọ́jọ́ ọsibítù yẹn, Àǹtí Morónkẹ́ tó máa ń pa ìwé oṣù dé pè mí, wọ́n ní iṣẹ́ ti dúró, kí n fún àwọn ní pásíwọ́ọ̀dù mi. Mo kà á fún wọn lórí fóònù. N kò yí i padà láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Jánúárì

Pásítọ̀ ní kí á na ọwọ́ sókè gba ọdún tuntun. Mo na ọwọ́. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ tẹ̀lé e.

Ìṣẹ́gun, 13 Jánúárì

Mo ní kí Kazeem tẹ gbogbo ohun tí orúkọ mi fọwọ́ sí láti oṣù Júláì dé Dìsẹ́ńbà. Ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Méje péré ni mo rántí. Àwọn yòókù, láti ọjọ́ ọsibítù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan náà sì ni gbogbo wọn: ọjà pọ̀ sí i ní sítọ́ọ̀ Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, fúláwà, fúláwà, ṣúgà, fúláwà.

Kazeem bi mí pé ṣé kò sí wàhálà o. Mo ní kò sí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kọ̀ǹpútà ló yẹ kó máa fipá mú wa yí pásíwọ́ọ̀dù padà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, pé òun ti ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pàṣẹ láti òkè pé kí òun pa á, nítorí ó ń yọ àwọn ọ̀gá lẹ́nu. Mo béèrè bóyá ìwé wà tó fi hàn pé wọ́n pàṣẹ. Ó ní ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ọjọ́rú, 14 Jánúárì

Mo gbé oúnjẹ tí mo dì lọ síbi iṣẹ́ padà wálé. Kílò gáàsì kan ti di ẹgbẹ̀fà náírà.

Àbámẹ́ta, 17 Jánúárì

Mo lọ sílé Àǹtí Morónkẹ́ ní Raji Rasaki Estate. N kò pè wọ́n kí n tó lọ. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì, wọ́n ní kí n jókòó kí n bá àwọn ṣa á. Mò ń da èyí tó dáa mọ́ òkúta.

Àǹtí Morónkẹ́ ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo wá ṣe àgùnbánirọ̀ ní Àkàsọ̀. Àwọn ló ra bàtà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ lọ sọ́fíìsì. Mo gbé ìwé Kazeem kalẹ̀ níwájú wọn. Wọn kò wò ó pẹ́. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ni n óò wá.

Ohun tí wọ́n sọ nìyí. Ní oṣù Júláì, àgbàrá wọ sítọ́ọ̀ Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, ó ba èyí tó ju ìdajì fúláwà wa jẹ́. Ó yẹ kí á yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, kí á kọ ọ́ sílẹ̀ pé a pàdánù. Ọ̀gá Akíntáyọ̀ ní rárá. A fẹ́ ta ìpín tuntun fún ará ìlú, ta ló máa ra ìpín ilé-iṣẹ́ tí fúláwà rẹ̀ ti bomi lọ? Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó wà nínú ìwé ná, ọjà tuntun ń bọ̀ lọ́nà, yóò dí i. Ọjà tuntun kò dé tó. Láti oṣù Ọkutóbà, ní gbogbo ìgbà tí à ń pa ìwé oṣù dé, bí àwọn oníbúrẹ́dì ṣe ń kó èyí tó kù, àlàfo náà ń hàn, Àǹtí Morónkẹ́ á sì tún kọ àfikún tí kò sí. Ìpín tuntun náà sì tà.

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, Àǹtí. Orúkọ mi lẹ fi fọwọ́ sí i.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.” Wọ́n ṣì ń ṣa ẹ̀wà. “Kọ̀ǹpútà kì í gbà kí ẹnì kan ṣe méjèèjì. Tìrẹ ló wà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ pa ọ́ lára, Tẹjú.”

Wọ́n ní bí mo bá kọ ọ́ sínú ìròyìn mi, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú, èmi ni wọ́n máa mú ṣìkejì, kò sì sí ibi tí wọ́n máa rí orúkọ Ọ̀gá, nítorí ẹnu ló fi ń sọ tirẹ̀. Ó ku ọdún méjì kí àwọn fẹ̀yìn tì. Wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ní kí n kí Ìmísí.

Ìṣẹ́gun, 20 Jánúárì

Mo sọ lọ́fíìsì pé mò ń lọ yẹ ìwé ìwọlé-jáde ọjà wò ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ọkọ̀ agbépo tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti Satellite Town, eruku wọn pọ̀ ju ọyẹ́ lọ.

Bọ̀dá Àmúsà tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ṣílẹ̀kùn fún mi. Láti ẹnu ọ̀nà, àpò fúláwà ga dé òrùlé. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní ọlọ́rọ̀ ni wá. Mo ní kí wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀nà há. Mo ní n óò fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Lẹ́yìn ìlà kẹrin, pákó ni wọ́n tò lé ara wọn tí wọ́n da tapólì bò, kó lè ga bí ti iwájú. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

Ìlà mẹ́tàlá ló wà nínú ìwé wa. Mẹ́rin ló wà nílẹ̀.

Bọ̀dá Àmúsà kò wo ojú mi. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ka ọjà máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn láti ọ́fíìsì ńlá pẹ̀lú iye tó yẹ kí àwọn kà nínú rẹ̀. Àwọn kàn ń fọwọ́ sí i ni. Wọ́n ní àwọn ní ọmọ mẹ́rin. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má fi orúkọ àwọn sí i. N kò lè sọ pé n kò ní fi sí i, n kò sì lè sọ pé n óò fi sí i. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Ẹtì, 23 Jánúárì

Ọ̀gá Akíntáyọ̀ pè mí, ó sì fúnra rẹ̀ pa ilẹ̀kùn dé. Ó béèrè ikọ́ Ìmísí. N kò rántí pé mo sọ fún un rí pé Ìmísí ń wúkọ́.

Ó ní òun gbọ́ pé mo lọ sí Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, pé ó dáa, òṣìṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ níí ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní pákó yẹn wà fún ọ̀rinrin, pé ọjà tuntun ti dé èbúté, ìwé rẹ̀ ló kù. Ó ní wọ́n ń wá ẹni tí yóò di olórí ẹ̀ka wa, orúkọ mi sì wà lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta náà ló wà níbẹ̀.

“Orúkọ ta nìyí?”

Mo ní orúkọ mi ni, sà.

“Ṣé o rí orúkọ mi níbì kankan?”

Mo ní rárá.

“Ó dáa. Jẹ́ ká ran ara wa lọ́wọ́.”

Kò gbé ohùn sókè rárá. Ó ní òun ń retí fọ́ọ̀mù ìdánwò mi ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀, kí gbogbo rẹ̀ pé bí ti ọdún tó kọjá.

Ọjọ́ Ajé, 26 Jánúárì

Kọ̀ǹpútà ṣí fún mi láàárọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ìwé sítọ́ọ̀ mọ́. Wọ́n ti tì í mọ́ mi. Kazeem kọjá lára mi ní kọ́rídọ̀ láì kí mi. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó wá síbi ẹ̀rọ omi tí mo dúró sí, ó ń bu omi, kò wò mí. Ó ní, “Àwọn ìwé tí mo tẹ̀ fún yín, ẹ má fi wọ́n sọ́fíìsì o.”

Wọn kò sí lọ́fíìsì. Wọ́n wà lábẹ́ aṣọ Ìmísí nínú àpótí.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Fẹ́búárì

Lẹ́yìn ìsìn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Débọ́lá. Olùkọ́ ìṣirò ni, ó máa ń fẹ́ kí ohun gbogbo ní ìdáhùn. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Mo ní bí mo bá lọ, orúkọ mi yóò kù síbẹ̀, n kò sì ní sí níbẹ̀ láti sọ tẹnu mi.

“Ṣé wọ́n lè tì ọ́ mọ́lé?”

Mo ní n kò mọ̀.

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo tí a ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5 Fẹ́búárì

Láti àná, nọ́ńbà kan tí kò hàn ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo bá gbé e, ẹni náà kì í sọ̀rọ̀. Mọ́tò dúdú kan sì ti dúró sí ẹnu títì kékeré wa fún ọjọ́ méjì, ọkùnrin kan jókòó sínú rẹ̀. Lónìí, ẹ̀yìn ilé ni mo gbà wọlé, mo fa kọ́tìnì, mo ní kí ìyá ọkọ mi má jẹ́ kí Ìmísí jáde.

Débọ́lá lọ bá ọkùnrin náà. Yàrá tó ṣófo ní ilé kejì ló wá wò, onílé ló ń já a kulẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, omi náà kò sì dá mọ́. Ẹ̀rù ti sọ mí di ẹni tí kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá ilé gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pe fóònù, a kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìṣẹ́gun, 10 Fẹ́búárì

Mo kọ ìròyìn náà, ojú ìwé mẹ́rin: àgbàrá oṣù Júláì, pákó àti tapólì, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti kọ iye sí kí ẹnikẹ́ni tó ka ọjà, pásíwọ́ọ̀dù tí kì í yí padà, ẹni kan tó ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta. Nígbà tí mo kà á, mo rí i pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo fi tèmi sí, ìlà méjì, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀. Mo ya á. Mo tún un kọ, mo fi tèmi ṣáájú: pé mo fọwọ́ sí ìdánwò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí n kò ṣe, pé mo ka pásíwọ́ọ̀dù mi fún ẹlòmíràn lórí fóònù.

Ó rọrùn láti kọ tiwọn. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi kọ tèmi.

Ẹtì, 13 Fẹ́búárì

Mo mú fọ́ọ̀mù lọ fún Ọ̀gá ní aago mẹ́wàá. Níwájú mẹ́jọ nínú ìdánwò náà, mo kọ “kò ṣiṣẹ́” sí i. Níbi tí wọn kò ti jẹ́ kí n rí ìwé, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò jẹ́ kí n rí i. Ìròyìn olójú ìwé mẹ́rin náà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá Akíntáyọ̀ kà á láti òkè délẹ̀. Ó ṣí dúróò, ó fi í síbẹ̀, ó tì í.

“Ó ti rẹ̀ ọ́,” ó wí. “Lọ sinmi.”

Kí aago méjì tó lù, lẹ́tà ti dé orí tábìlì mi: kí n lọ fún ìsinmi. Wọn kò kọ ọjọ́ tí n óò padà. Ní géètì, ẹ̀ṣọ́ tó máa ń pè mí ní ìyàwó ní kí n ṣí báàgì. Ó tú u dé ìsàlẹ̀, kò wò mí lójú.

Wọn kò mọ̀ pé ẹ̀dà kejì wà nílé.

Ìṣẹ́gun, 17 Fẹ́búárì

Ooru. Kò sí iná láti ọjọ́ Àìkú. Mo gbọ́ pé Ọ̀gá ti ní kí ẹlòmíràn kọ fọ́ọ̀mù tuntun. Bí wọ́n bá fi orúkọ mi sí i ńkọ́? Ta ni yóò gbà pé kì í ṣe èmi?

Àbámẹ́ta, 21 Fẹ́búárì

Nínú ìwé ọdọọdún ilé-iṣẹ́ wa, wọ́n kọ orúkọ àwọn márùn-ún tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìṣirò wò. Mẹ́ta nínú wọn ń ṣojú àwọn onípìn-ín. Alága wọn ni Alhaji Múrítàlá, tí bàbá-ńlá wọn ni ilẹ̀ ní Kúje-Amúwò. Kò sí ẹni tí kò mọ ilé wọn. Débọ́lá sìn mí lọ, ó dúró sí ìta.

Hameedah, ọmọ ọmọ wọn, gbé àga fún mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ètè Alhaji ti gbẹ. Mo rò pé wọ́n máa ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀ kí n máa lọ. Wọ́n wọ awò wọn, wọ́n fi ìka sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n kà á fún wákàtí kan gbáko. Mo jókòó, mò ń wo ìka yẹn.

“Èyí tó wà níwájú yìí, tìrẹ ni?”

Mo ní tèmi ni, sà.

“Kí ló dé tó o fi kọ ọ́? Kò sẹ́ni tó bi ọ́.”

Mo ní bí mo bá yọ ọ́, ìyókù kò ní jẹ́ òótọ́.

Wọ́n bọ́ awò. Wọ́n ní ọdún kẹfà rèé tí àwọn ti ń fọwọ́ sí ìwé Àkàsọ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì á ti lẹ bébà kékeré aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ibi tí àwọn máa fọwọ́ sí, wọn á gbé ìrẹsì wá, wọn á fún àwọn lówó ọkọ̀. “Ibi tí bébà yẹn bá wà ni mo máa ń ṣí. N kò ṣí ojú ìwé yòókù rí.” Wọ́n to ìwé náà pọ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń gún nǹkan ní ẹ̀yìnkùlé.

Wọ́n ní àwọn yóò pe ìpàdé. “Ṣùgbọ́n gbọ́, ọmọ mi. N kò lè ṣèlérí pé wọn ò ní bá ọ wí. Wọ́n á bá èmi náà wí.”

Ẹtì, 27 Fẹ́búárì

Ọjọ́ mẹ́fà, n kò gbúròó. Lónìí, Àǹtí Morónkẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi: “Wọ́n pe gbogbo wa fún Túsìdeè. Gbàdúrà fún mi.” Mo kúnlẹ̀. N kò mọ ohun tí mo lè tọrọ fún wọn tí kò ní tako èyí tí mò ń tọrọ fún ara mi.

Ìṣẹ́gun, 3 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí rọ̀ láàárọ̀. N óò gbìyànjú láti kọ ohun gbogbo bó ṣe tẹ̀lé ara wọn.

Àwọn ìgbìmọ̀ márùn-ún jókòó, ọ̀gá àgbà pátápátá jókòó, Ọ̀gá Akíntáyọ̀ dúró níwájú. Ó fi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó gbé orúkọ mi sára ògiri, ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó ní òṣìṣẹ́ kan ṣi agbára tí a fún un lò, nígbà tó sì rí i pé àṣírí fẹ́ tú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn ọ̀gá rẹ̀ lórúkọ jẹ́. Gbogbo wọn wò mí. Wọ́n ní kí n fèsì. Mo kàn ka ìwé mi, láti orí ojú ìwé àkọ́kọ́, tèmi.

Ọ̀gá àgbà ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀, kí á jẹ́ kí ìṣirò ọdún jáde ná, a ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Àwọn méjì nínú ìgbìmọ̀ ti ń mi orí. Mo ti mọ̀ pé ó ti tán.

Alhaji Múrítàlá ní, “Báwo ni sítọ́ọ̀ yẹn ṣe jìnnà tó?”

Ẹnì kan ní kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ.

“Ẹ jẹ́ ká lọ kà á.”

Ọ̀gá Akíntáyọ̀ ní òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, pé Alhaji ń gbààwẹ̀, pé àwọn ọ́dítọ̀ lè lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

“Ààwẹ̀ kò dí mi lójú,” Alhaji wí, wọ́n sì mú ọ̀pá wọn.

Mọ́tò mẹ́ta ló gbé wa. Àǹtí Morónkẹ́ wà nínú ọkọ̀ kẹta pẹ̀lú mi, wọ́n ń ka nǹkan kan sínú láti Amúwò dé Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá.

Bọ̀dá Àmúsà ṣílẹ̀kùn. Alhaji kò dúró níwájú. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rìn wọ àárín àpò, ọ̀pá wọn ń kan ilẹ̀, àwa sì ń tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fa tapólì, kò wá. Wọ́n fi ọ̀pá ti ògiri, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ó wá. Pákó nìkan ló wà níbẹ̀, ìlà lórí ìlà. Ọ̀gá àgbà fi ọwọ́ kan pákó kan bí ẹni pé ó lè di àpò.

Kò sí ẹni tó bi Bọ̀dá Àmúsà léèrè tí wọ́n fi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Oṣù Júláì lomi wọ̀ ọ́. A da èyí tó bàjẹ́ nù, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n ní kí n ya ojú ìwé náà. N kò ya á.” Wọ́n lọ sí ìdí tábìlì wọn, wọ́n mú ìwé ńlá kan wá, omi ti ba etí rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ wà níbẹ̀, iye àpò wà níbẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Àǹtí Morónkẹ́ lẹ́yìn mi. “Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Tẹjú wà ní ọsibítù pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá Akíntáyọ̀ ló ní kí n ṣe é.”

Ọ̀gá Akíntáyọ̀ ń wo fóònù rẹ̀. Kò gbé orí sókè.

Mo rò pé bí irú ọjọ́ yìí bá dé, inú mi á dùn. Mo délé, mo dùbúlẹ̀ ti Ìmísí, n kò tilẹ̀ bọ́ aṣọ ọ́fíìsì.

Ọjọ́bọ̀, 5 Máàṣì

Kazeem pè. Wọ́n ti ti yàrá Ọ̀gá Akíntáyọ̀, àwọn lọ́yà wà nínú rẹ̀ wọ́n ń ka ìwé. Nọ́ńbà tí kò hàn kò pè mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 16 Máàṣì

Àwọn lọ́yà fi wákàtí mẹ́ta bi mí léèrè. Wọn kò pariwo mọ́ mi, wọn kò sì rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà tí mo fẹ́ jáde, wọ́n fún mi ní ìwé ìbéèrè. Ohun méjì péré ló wà nínú rẹ̀: kí ló dé tí mo fi pásíwọ́ọ̀dù mi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ló dé tí mo fọwọ́ sí ìdánwò tí n kò ṣe. Ọjọ́ méjì ni kí n fi dáhùn.

Débọ́lá fẹ́ bá mi kọ ọ́ kó dùn. Mo ní rárá. Mo kọ pé mo ṣe méjèèjì, mo kọ ọjọ́ tí mo ṣe wọ́n, mo fọwọ́ sí i. Àwíjàre kò sí nínú rẹ̀ ju ti ọsibítù lọ, òun náà kò sì kan ọ̀rọ̀ ìdánwò.

Ìṣẹ́gun, 31 Máàṣì

Ó ti jáde. Àkàsọ̀ Foods sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ọ̀nà tí òun fi ń ṣọ́ ìṣirò òun kò ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, pé èrè tí òun ti kéde tẹ́lẹ̀ jẹ́ àdánù. Owó ìpín wa já wálẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ní ilé ìtajà tó wà ní ìdí ọ́fíìsì, ọkùnrin kan ń ṣépè fún àwọn tó ṣe é. Òun náà ra ìpín tuntun yẹn. Mo san owó omi mi, mo jáde.

Wọ́n ti lé Ọ̀gá Akíntáyọ̀, wọ́n sì ti kó ìwé rẹ̀ fún ìjọba. Alhaji Múrítàlá ti fi ipò alága sílẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n kìlọ̀ fún Bọ̀dá Àmúsà, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Tèmi ni ìdádúró oṣù méjì láìsí owó, ìkìlọ̀ ìkẹyìn, n kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ sí ohunkóhun mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó ṣì máa pè mí ní oṣù Mèé. Ohun tí wọ́n máa sọ, n kò mọ̀.

Wọ́n ní kí Àǹtí Morónkẹ́ máa lọ.

Ìgbà tí mo lọ gba lẹ́tà mi ni mo bá wọn níbẹ̀, wọ́n ń di ẹrù ọdún mẹ́tàlélógún sínú páálí méjì. Àwọn ará ẹ̀ka wa ti dọ́gbọ́n wá iṣẹ́ lọ ṣe ní yàrá mìíràn. Mo gbé páálí kan, wọn kò sọ pé kí n má gbé e. A bá àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀. Ní géètì, kẹ̀kẹ́ kan dúró, mo ki páálí sẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ ṣeun lọ́jọ́ yẹn.”

Wọ́n wo bàtà mi, wọ́n wá wo ojú mi.

“N kò bínú sí ọ, Tẹjú. Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n má tíì wá sílé mi. Ìgbà tí mo bá lè rí ọ láìrántí, n óò pè ọ́.”

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ní ó dáa, mà. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n gbé báàgì wọn lé itan. Mo dúró títí kẹ̀kẹ́ náà fi yà sí ọ̀nà Raji Rasaki. Wọn kò wẹ̀yìn.